Ìdí-Igi Tàbí Orí-Ò-Jorí: Èwo Ni Kí Ìjọba Fi Yan Ewéko Tí Yóò Dáàbò Bò?

Bí iná bá ń jó ilé, tí onílé kò sì ní ju ọwọ́ méjì lọ, kò lè kó gbogbo ẹrù jáde. Ohun tó bá kọ́kọ́ nawọ́ mú ni yóò fi hàn bóyá ọlọ́gbọ́n ni tàbí òmùgọ̀. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ gan-an ló dojú kọ àwọn ìjọba àgbáyé lónìí nípa igi àti ewéko. Ní ọdún 2023, ọgbà ewéko Kew tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìròyìn kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fojú bù ú pé nínú gbogbo irú ewéko olódòdó tí ọmọ aráyé mọ̀, nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 ló wà nínú ewu ìparun. Owó tó wà nílẹ̀ fún ìtọ́jú wọn kò tó nǹkan, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà kò pọ̀, oko àti ilé sì ń gba ilẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí orílẹ̀-èdè kan, bó ti wù kó lówó tó, tó lè gba gbogbo wọn là lẹ́ẹ̀kan náà. Yíyàn ti di dandan. Ìbéèrè tó kù ni pé, òṣùwọ̀n wo ni kí a fi yàn?

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Èkíní ni pé kí wọ́n ka iye irú ewéko tó wà ní ibì kan: bí igbó kan bá ní 500, tí èkejì sì ní 300, igbó tó ní 500 ni wọ́n á fi ẹ̀ṣọ́ sí. Èkejì ni pé kí wọ́n wo èyí tó ń pa owó wọlé, bí ìrókò, ọ̀gánwó àti àwọn igi gẹdú yòókù. Ọ̀nà méjèèjì ló ní ìwúlò tirẹ̀. Síbẹ̀ ohun pàtàkì kan wà tí méjèèjì kò rí, ohun náà kì í sì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá, nítorí pé nínú ogún pínpín ni àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ ọ́n.

Bí baálé ilé kan bá kú, tó fi ìyàwó méjì sílẹ̀, tí ìyálé bí ọmọ mẹ́fà, tí ìyàwó kékeré sì bí ẹyọ kan péré, ọ̀nà méjì ni ẹbí lè gbà pín ogún náà. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọ̀nà méje ọgbọọgba ni wọn yóò pín in sí, olúkúlùkù ọmọ yóò sì mú ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ọ̀nà méjì ni ogún náà yóò pín sí. Àwọn ọmọ mẹ́fà ti ìyálé yóò pín ìdajì, ọmọ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ìyàwó kékeré yóò sì mú ìdajì kejì, nítorí pé òun nìkan ló dúró fún ìdí-igi ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ nínú ọ̀ràn ogún ìdílé Dáwódù ti Èkó. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, fi ọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè pinnu pé kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in bí ó bá rí i pé èyí ló tọ́.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ewéko ń sọ nísinsìnyí kò jìnnà sí ìdí-igi yìí. Gbogbo ewéko ló bá ara wọn tan. Láti ara àwọn baba ńlá díẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀, tí wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, tí ìdílé kan ń pín sí méjì, tí méjì ń pín sí mẹ́rin, títí ó fi di ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀ka. Àwọn ẹ̀ka mìíràn bí ọmọ púpọ̀. Àwọn mìíràn rèé, ẹnì kan péré ló kù sí agbo ilé wọn. Igi ginkgo ti ilẹ̀ Ṣáínà jẹ́ irú ọmọ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀: ìdílé rẹ̀ ti wà láyé fún ohun tó ju 200 mílíọ̀nù ọdún lọ, gbogbo ìbátan rẹ̀ ti kú tán, òun nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni welwitschia tó wà ní aṣálẹ̀ Namib ní orílẹ̀-èdè Nàmíbíà àti Àǹgólà, ewéko tí kì í ní ju ewé méjì lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tí kò sì sí òmíràn nínú ẹbí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ogójì ìbátan koríko bá parun, àdánù ni. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kù láti jẹ́ orúkọ ìdílé. Bí ginkgo bá parun, ilẹ̀kùn agbo ilé kan tì pa títí ayé.

Ní ọdún 1992, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Daniel Faith fi ọ̀nà ìṣirò hàn tí a lè gbà wọn èyí. Dípò kí a ka orí ewéko nìkan, ó ní kí a fa igi ìdílé wọn sórí ìwé, kí a sì ro gígùn gbogbo ẹ̀ka tí ibì kan ní pọ̀. Ibi tí gígùn ẹ̀ka rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ìtàn ìran ewéko pọ̀ sí jù. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko ti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní EDGE. Ètò yìí so nǹkan méjì pọ̀: bí ẹ̀dá kan ṣe dá wà tó nínú ìdílé rẹ̀, àti bí ewu ìparun tó wà lórí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹranko ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ fi òṣùwọ̀n kan náà wọn igi páínì, ginkgo, sáíkàdì àti gbogbo ẹgbẹ́ wọn tí kì í tanná bí ewéko olódòdó, tí iye wọn ju 1,000 lọ. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 wọn ló wà nínú ewu.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ni èyí, kí ó wo agbègbè Cape ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Irú ewéko tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 9,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì sí níbòmíràn láyé. Bí a bá ka orí, ìhà ìwọ̀ oòrùn agbègbè náà ni yóò gba gbogbo owó, nítorí ibẹ̀ ni ewéko pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò ìdílé wọn, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ewéko ìwọ̀ oòrùn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ìhà ìlà oòrùn ní ewéko tó kéré ní iye, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìdílé tó pọ̀ ju bí iye náà ṣe lè mú ni rò lọ ló wà níbẹ̀. Wọ́n tún rí i pé yíyàn tó tẹ̀lé ẹ̀ka ìdílé ló ń dáàbò bo oríṣiríṣi ewéko tí ènìyàn ń jẹ tàbí tó ń fi ṣe oògùn jù. Ìjọba tó bá ka orí nìkan ì bá ti pa ilé púpọ̀ tì nítorí ilé kan tó kún.

Kí ni èrè rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn? Ìtàn igi yew lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1962, wọ́n ṣa èèpo igi yew kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí ohun kan nínú rẹ̀ tó ń pa àrùn jẹjẹrẹ. Oògùn náà, tí a mọ̀ sí taxol, gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 1992. Àmọ́ igi náà kì í tètè dàgbà, bí a bá sì bó èèpo rẹ̀, kíkú ni yóò kú. Ohun tó kó àwọn aláìsàn yọ ni pé igi náà ní ìbátan. Nínú ewé igi yew ti ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti rí èròjà tí a lè sọ di oògùn kan náà, ewé sì ń hù padà lẹ́yìn tí a bá ti já a. Àwọn ìbátan a máa ní àbùdá tó jọra. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú èyí. Èkíní, igi tó ní ìbátan ní ẹni tí yóò dúró fún un. Èkejì, tó tún wúwo jù, igi tó dá wà kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀: ohunkóhun tó bá wà lára rẹ̀, yálà oògùn ni tàbí oúnjẹ, òun nìkan ló ni ín, ó sì ń bá a lọ sí ọ̀run.

Ìṣirò yìí tún ní ọgbọ́n kan tó jinlẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe ètò EDGE fi kún un ní ọdún 2023. Kò tó kí a béèrè bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ewéko kan ṣe pọ̀ tó. Ó yẹ kí a tún béèrè bí ara wọn ṣe le tó. Ọmọ mẹ́fà inú ilé lè jẹ́ ìtùnú, ṣùgbọ́n bí márùn-ún nínú wọn bá wà lórí ibùsùn àìsàn, ọrùn ẹnì kan tó kù ni orúkọ ìdílé rọ̀ mọ́. Bí ọ̀ràn sáíkàdì ṣe rí nìyí. Wọ́n ju 350 lọ ní ayé. Ó sì jọ ọ̀pẹ kúkurú lójú, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀pẹ tan rárá. Ìdílé rẹ̀ ti wà láyé ṣáájú kí ewéko kankan tó mọ òdòdó í yọ. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé àwọn tó wà láyé lónìí kì í ṣe arúgbó fúnra wọn, ọmọ ìgbà ẹ̀yìn tí ìdílé àtijọ́ náà bí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì wọn lọ tó wà nínú ewu, nítorí náà gbogbo ìdílé náà ni ewu wà lórí rẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó burú jù nínú ìdílé yìí ni ti Encephalartos woodii. Ní ọdún 1895, John Medley Wood rí i nínú igbó Ngoye ní Gúúsù Áfíríkà. Akọ àti abo sáíkàdì kì í wà lára igi kan náà, akọ sì ni èyí tí Wood rí. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ẹni tó tíì rí abo rẹ̀. Wọ́n hú u kúrò nínú igbó, wọ́n gbìn ín sí ọgbà Durban àti sí Kew, ó sì ń ta èéhù. Gbogbo èéhù rẹ̀ tó wà káàkiri ayé lónìí, akọ ni. Ó wà láàyè, a ń bomi rin ín, àwọn olùbẹ̀wò ń yà á ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n kò lè bí ọmọ tirẹ̀ láéláé. Ohun tí ìtọ́jú tó pẹ́ dé máa ń dà nìyí.

Kì í ṣe Gúúsù Áfíríkà nìkan ni ìdílé yìí ní ọmọ sí. Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Ní ọdún 1857, nígbà tí Baikie kó àwọn arìnrìn-àjò gòkè Odò Ọya, Samuel Àjàyí Crowther wà lára wọn, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Charles Barter sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ nítòsí Jẹ́bà ní oṣù October ọdún náà, wọ́n sì pàgọ́ sétí odò fún ọjọ́ pípẹ́. Barter kú sí Rábà ní ọdún 1859, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ sáíkàdì ilẹ̀ wa: Encephalartos barteri. Láti Gánà dé Tógò, dé Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ni a ti ń rí i, nínú igbó ọ̀dàn àti láàárín àpáta. Ẹ̀ka rẹ̀ kan tó yàtọ̀ wà ní orí òkè Jos.

Ẹni tó bá rí i lè kọjá lára rẹ̀ láì bìkítà. Ìtì rẹ̀ kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú ilẹ̀ tán. Ewé rẹ̀ le bí imọ̀ ọ̀pẹ. Ohun tó dà bí ṣùkù àgbàdo ńlá a máa yọ ní orí rẹ̀. Nínú gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín ń gbé, tí wọ́n ń fa ajílẹ̀ fún un láti inú afẹ́fẹ́. Kì í yára dàgbà. Àgbà rẹ̀ lè la iná ọ̀dàn já, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kékeré tí iná bá jó lọ́dọọdún kò lè di àgbà. Lórí òkè Jos, kùsà tánganran ti hú ilẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, oko àti ilé sì ń tẹ̀ síwájú. Kò sí ẹni tó ń gé sáíkàdì ta bíi gẹdú, nítorí náà kò sí nínú ìwé owó ìjọba. Bí a bá sì ka orí, ẹyọ kan péré ni. Orí-ò-jorí kò rí i. Ìdí-igi nìkan ló lè rí i, nítorí pé ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìdílé tí kò ní ọmọ púpọ̀ ní apá ibí ni ó dúró fún.

Àwọn kan yóò sọ pé ebi ń pa ará ìlú, pé igi ìdáná àti pákó ni tálákà ń wá, kí ni kan sáíkàdì? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Igi tí a mọ̀ sí kosso, tí wọ́n ń gé ní ọ̀dàn tí wọ́n sì ń kó lọ sí Ṣáínà, ní ìbátan púpọ̀ láyé, síbẹ̀ gígé rẹ̀ ba igbó jẹ́ débi pé àdéhùn àgbáyé CITES fi ìjánu sí òwò rẹ̀ láti ọdún 2017. Apá àti ọ̀gánwó náà bọ́ sábẹ́ irú ìjánu bẹ́ẹ̀ nípasẹ̀ ìpinnu ọdún 2022. Bí a bá fi ìdí-igi nìkan wò ó, àwọn igi wọ̀nyí lè má ṣe ipò kìíní, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi wọ́n jẹun kò lè dúró de ìṣirò. Ìdí nìyí tí ìdájọ́ ọdún 1962 fi ṣe pàtàkì: ìdí-igi ni òfin, ṣùgbọ́n olórí ẹbí ní àṣẹ láti wo ohun tó bá àkókò mu. Kí ìjọba lo òṣùwọ̀n méjèèjì. Ohun tó burú ni pé títí di òní, ọ̀kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti jáde, ọwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ lórí ilẹ̀ wà. Nítorí náà iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti Àbújá nìkan. Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó igbó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pe àwọn onímọ̀ yunifásítì àti ti ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Ìbàdàn, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ewéko ìpínlẹ̀ náà tó dá wà nínú ìdílé wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tí wọ́n wà. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ fún oko ńlá, kùsà tàbí ilé, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìwé orúkọ yẹn. Kí wọ́n gbin sáíkàdì, akọ àti abo, sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìjọba nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ngoye má baà ṣẹlẹ̀ ní Jos. Owó tí èyí yóò ná kò tó owó títún igbó gbìn.

Iṣẹ́ wà fún ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Nínú yín ni àgbẹ̀ wà, nínú yín ni àwọn oníṣòwò gẹdú, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn lẹ́kúlẹ́jà àti àwọn elégbogi wà. Ẹ̀yin ni ẹ ń wọ igbó tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kì í wọ̀. Bí ẹ bá rí ewéko yìí nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́, ẹ fi ebè yí i ká, ẹ má hú u, ẹ má sì jẹ́ kí iná dé ìdí rẹ̀. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Bí àjèjì kan bá fi owó lọ̀ yín láti wú u, ẹ mọ̀ pé gbogbo ìdílé Encephalartos ló wà nínú ìwé kìíní ti CITES, èyí tó ka òwò ohun tí a hú nínú igbó lọ sí òkè òkun léèwọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe ti òun. Ibi tí ayé bá bá ni là á ti jẹ ẹ́. Ibi tí a sì ti ń jẹ ẹ́ náà ni à á ti tún un ṣe.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹbí tó bá ka orí nìkan yóò fi ẹ̀tọ́ ọmọ kan ṣoṣo du ú nítorí pé kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ewéko kò ní ẹnu rárá. Olórí ẹbí ni ìjọba, ará ìlú sì ni ẹlẹ́rìí. Kí wọ́n pín ìtọ́jú náà ní ìdí-igi, kí ilẹ̀kùn ìdílé kankan má baà tì lójú wọn.